Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Ìtàn Àwọn Obìnrin Ajàfẹ́tọ̀ọ́ Fún Ọmọdé Tí Wọn Ò Ní Sùn

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń kó àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò wa ní Kubwa, Àbújá, jọ sí fàráńdà mi láràárọ̀ Sátidé. Lọ́dún àkọ́kọ́, nígbà tí ọjọ́ àwọn obìnrin lágbàáyé, 8 oṣù Kẹta, ń bọ̀, orúkọ 14 ni mo kọ sójú bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí kálukú àti ọdún tó kú. Mò ń kà á, wọ́n ń yán. Ọmọ kan nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé gbogbo wọn ló ti kú ni?" Mo ti bọ́ọ̀dù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe ń ṣe é látìgbà náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nílé kéú.

Obìnrin mẹ́ta tó fún oṣù kan. Ẹ sì fi ẹni tó sún mọ́ wọn ṣáájú. Fún àwa tí a wà lókè Ọya, Hajiya Gambo Sawaba ni. Orúkọ rẹ̀ ni mo fi ń mú wọn. Mo á bi wọ́n pé kí ni à ń pe ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì. "Ìdòwú!" Mo á ní, ó dáa, Gambo ni Hausa ń pe tiwọn. Ó parí, ó ti di ẹbí wọn. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ pé Zaria ni wọ́n bí i sí ní 1933, pé ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí wọ́n fún un lọ́kọ, pé ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú NEPU, ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé lọ bá àwọn ẹlẹ́hàá sọ̀rọ̀, pé ìgbà 16 ni wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ẹ má sáré kọjá ọdún 13 yẹn. Ẹ ní kí ẹni tó bá ti pé 13 nínú wọn dìde. Lọ́dún tó kọjá mẹ́ta ló dìde ní fàráńdà mi, ọ̀kan ṣì ń fa zóbò inú ọ̀rá mu lọ́wọ́. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Bí ẹ bá ní ará ní Zaria, ẹ ní kó ya fọ́tò ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n fi orúkọ ìyá náà sọ ránṣẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ rìnrìn àjò lọ bá Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti l'Ábẹ́òkúta, nítorí náà ibẹ̀ lẹ máa yà sí. Owó orí ni wọ́n ń bá ìjọba jà lé lórí, ẹ̀pà ni mo sì fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní hóró mẹ́wàá, ẹ ní ọjà rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá gba mẹ́rin padà lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin, kí ẹ má sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ariwo tí wọ́n bá pa, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á tẹ́rùn, kí ẹ tó sọ pé ní 1947 ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló ká ààfin Aláké mọ́, tí Ọba Adémọ́lá Kejì sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1949. Èyí tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn jù ni pé nígbà tí ìjọba kò fún wọn láṣẹ ìwọ́de, ìyá náà ní fàájì làwọn ń lọ ṣe. Ó tún kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè mú agolo tajútajú kí wọ́n sì jù ú padà. (Ẹ kó gbogbo agolo mílíìkì ilé yín pamọ́ kí ẹ tó débẹ̀. Fèrèsé mi kan ló bá a lọ.)

Ẹni kẹta ni Kate Sheppard, aṣáájú àwọn obìnrin tó jà fún ìbò ní New Zealand, orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ fún àwọn obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ ìbò ilé aṣòfin, ní 1893. Orúkọ tó lé ní 25,000 ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà lẹ bébà mọ́ bébà, ó wé e mọ́ igi ìgbálẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé aṣòfin. Ẹ ṣe irú rẹ̀. Kí wọ́n ya bébà nínú ìwé àjákù, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo obìnrin inú ọgbà wọn. Bí gọ́ọ̀mù bá tán, ẹ̀kọ gbígbóná máa lẹ̀ ẹ́.

Ẹnì kan wà tí mo kánjú mú wá: Huda Shaarawi, ará Íjíbítì tó ṣí ìbòjú rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Kàírò ní 1923. Òbí méjì kò jẹ́ kí ọmọ wọn wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nana Asma'u ni mo fi ń ṣáájú rẹ̀ báyìí, ọmọ Usman dan Fodio, akéwì, tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní Sókótó, tó sì ń rán àwọn 'Yan Taru, ìyẹn àwọn olùkọ́ obìnrin tó kọ́, lọ kọ́ àwọn obìnrin abúlé. Lẹ́yìn ìyẹn, Huda á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìbéèrè ọmọ ìjọ́sí nípa òkú ńkọ́? Bí owó ọkọ̀ bá wà, ẹ kó wọn lọ sí Unity Fountain l'Ábújá. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin jókòó sí nínú aṣọ pupa lẹ́yìn tí Boko Haram kó ọmọbìnrin 276 lọ ní Chibok ní 14 oṣù Kẹrin 2014. Malala, ọmọ Pakistan tó ń jà kí ọmọbìnrin lè lọ sílé ìwé, náà wá sí Àbújá nítorí wọn ní oṣù Keje ọdún yẹn. Ó wà láàyè, kò tíì pé ogójì ọdún.

Ìbò ni mo fi ń kádìí rẹ̀. Bísíkíìtì tàbí púff-púff? Àwọn ọmọkùnrin nìkan ni kí ẹ fún ní bébà ìbò, kí wọ́n sì jẹ èyí tó bá wọlé lójú gbogbo wọn. Ẹ wá sọ pé ní 1959, ìyá mi dìbò n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n obìnrin tó wà ní Zaria kò lè dì í. Ọdún 1979 ni ìyẹn tó dìbò ìjọba àpapọ̀. Ẹ ti ra ti àwọn ọmọbìnrin sábẹ́ tábìlì o, kí ẹ sì bò ó dáadáa, nítorí àwọn kékeré á ti máa sunkún kí ẹ tó dé 1979.