Máàpù Orí Fóònù Tó Ń Dòfìfo Lójú Ọ̀nà Appalachian Trail

Ìbéèrè: Nílé, máàpù hàn ketekete. Lójú Appalachian Trail, ọ̀nà gígùn tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn ní Amẹ́ríkà, nínú igbó ní Georgia, àmì róbótó tó ń sọ ibi téèyàn wà ṣì ń rìn, àmọ́ òfìfo ni gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀. Ṣé GPS ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ni GPS ti ń gba tirẹ̀, kò bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì da nǹkan pọ̀. Máàpù gan-an ni kò sí lórí fóònù. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ra abala ọ̀nà nínú áàpù bíi FarOut, ọ̀tọ̀ ni kó ṣe download máàpù ẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbi tí Wi-Fi wà, ẹ ṣe méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ tan airplane mode, ẹ pa áàpù náà pátápátá, ẹ tún un ṣí, kí ẹ wá fẹ máàpù náà títí ìlà tó ń fi gíga òkè hàn á fi yọ. Bí ìlà bá pòórá bí ẹ ṣe ń fẹ̀ ẹ́, kò tíì wọlé tán nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá àyè ló tán lórí fóònù.

Ìbéèrè: Bátìrì kì í dé ọ̀sán.

Ìdáhùn: Fóònù ń wá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri níbi tí òpó kò sí. Ẹ fi í sórí airplane mode. GPS á ṣì ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ lè pẹ́ díẹ̀ kó tó rí yín. Bí òtútù bá mú, inú àpò tí ẹ ń sùn sí ni kó wà lóru.

Ìbéèrè: Ìwé atọ́nà àti áàpù kò fẹnu kò lórí iye máìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé ahéré kan táwọn tó ń rìn ọ̀nà náà ń sùn sí.

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì lè tọ̀nà. Ọ̀nà náà lé ní 2,190 máìlì, láti Springer Mountain ní Georgia dé òkè Katahdin ní Maine, ṣùgbọ́n kì í dúró sójú kan. Wọ́n ń yí apá ibì kan padà, wọ́n sì ń tún un wọ̀n. Bí wọ́n bá fi ìdajì máìlì kún un ní Virginia, gbogbo nọ́ńbà láti ibẹ̀ lọ sókè ló ṣí nípò. Nítorí náà, ẹ má fi nọ́ńbà kan wé òmíràn, ìyàtọ̀ ni kí ẹ ṣírò. Ká ní ìwé fi odò sí 469.0, ó fi ahéré sí 473.4, áàpù ní 470.1 àti 474.5. Máìlì 4.4 náà ni. Ìyẹn lẹsẹ̀ yín máa rìn.

Àmì ọ̀dà tí wọ́n kùn sára igi láti fi ọ̀nà hàn ló wà fún ìyókù: funfun, fífẹ̀ ínǹṣì 2, gíga ínǹṣì 6. Méjì lórí ara wọn túmọ̀ sí pé ọ̀nà fẹ́ yà. Búlúù sábà máa ń lọ síbi omi tàbí ahéré. Bí ẹ bá rin ìdámẹ́rin máìlì láìrí funfun kankan, ẹ padà síbi tí ẹ ti rí i kẹ́yìn.