Korobá 40 ni kúùbù gbà lọ́wọ́ mi

Korobá ilẹ̀dú 10 ni mo ṣírò, 40 ni àpótí náà gbé mì. Ìlọ́po mẹ́rin owó tí mo yà sọ́tọ̀ ló bá a lọ. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé ìṣirò kò lè pa mí láyò!

Àpótí tí mo fẹ́ gbin òdòdó sí ni. Èyí tí mo kọ́kọ́ kàn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Korobá onílítà 25 márùn-ún ló gbà kó tó kún dẹ́nu. Mo wá fẹ́ èyí tí yóò gba ìlọ́po méjì, ni mo bá sọ 50 di 100 níhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti pákó rírẹ́ àti ìṣó kíkàn kò le, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ nígbà tí mo da korobá kẹwàá sí i, ilẹ̀dú kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀ lọ. Mo tiẹ̀ yẹ ìdí àpótí wò bóyá ó ń jò.

Kò jò. Gígùn di méjì, ìbú di méjì, gíga náà di méjì: 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2, ó di 8; èyí ni wọ́n ń pè ní kúùbù 2. Korobá 5 lọ́nà 8, 40 náà nìyẹn.

Mo ní n ó kàn òmíràn tó máa gba lítà 250 géérégé, ibẹ̀ gan-an ni mo há sí. Ní sẹ̀ǹtímítà kúùbù (1,000 irú rẹ̀ ló wà nínú lítà kan), 250,000 ni. Mo fi 3 pín in: 83,333. Àpótí tó gùn ju 800 mítà lọ! Mo tẹ rúùtù, bọ́tìnì tó ń wá nọ́ńbà tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, lórí ẹ̀rọ ìṣirò: 500. Mítà márùn-ún, àpótí tó ga ju ilé lọ. Inú bí mi débi pé mo ju ẹ̀rọ náà sórí àga.

Ẹnu wa náà jẹ̀bi. A máa ń pe kúùbù ní “ìlọ́po mẹ́ta”, ọkàn á sì lọ sí pé 4 tí 3 kékeré jókòó lé lórí jẹ́ 12. Irọ́ ni: 4 lọ́nà 4 lọ́nà 4 ni, 64. Rúùtù tí mo tẹ̀ kì í sì í ṣe ti kúùbù: 500 lọ́nà 500 péré ni 250,000. Ti kúùbù ní 3 kékeré lábíyá, tèmi kò ní in.

Ni mo bá ń dán an wò. 60 fún mi ní 216,000, ó kéré. 65 fún mi ní 274,625, ó pọ̀. 62, 238,328. 63, 250,047! Mo fò sókè. Sẹ̀ǹtímítà 13 péré ló yẹ kí n fi kún 50! Ẹnì kan tó jókòó tì mí ní kí n ṣe kúùbù 50 lọ́tọ̀, kí n ṣe ti 13 lọ́tọ̀, kí n ro wọ́n pọ̀. A ṣe é, 127,197 ló jẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì lọ. Ó dákẹ́.

Ká ní mo ti to dáìsì 8 jọ ní méjì-méjì níhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó ra pákó ni, ojú mi ì bá ti rí i. Àpótí ńlá yẹn ṣì wà lójú ọ̀nà, ilẹ̀dú lítà 1,000 ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbé e.