Bí A Ṣe Ń Wádìí Ewu Èròjà Nánò

Èròjà nánò ni ohun tí wọ́n dìídì ṣe kéré débi pé kò ju nanometer 1 sí 100 lọ (nanometer kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà), nígbà tí fọ́nrán irun orí kan máa ń nípọn tó nanometer 80,000. Ó wà nínú ìpara, ọ̀dà àti ìbọ̀sẹ̀ tí kì í rùn. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè pa ènìyàn tàbí àyíká lára, "Ṣé nánò léwu?" kọ́ ni kó o máa béèrè, torí kò sẹ́ni tó lè dáhùn rẹ̀.

Kọ́kọ́ wá orúkọ èròjà náà gan-an àti bó ṣe rí. Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin ní kí wọ́n kọ "nano" sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ lára páálí ìpara. Má fojú kékeré wo bó ṣe rí o. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ kan fi carbon nanotube, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín oníhò tí wọ́n fi carbon ṣe, sínú ikùn eku. Èyí tó gùn mú kí inú eku náà wú, kó sì lé kókó, bí asbestos, òkúta onífọ́nrán tó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Èyí tó kúrú tàbí tó lọ́ mọ́ra kò ṣe bẹ́ẹ̀. Carbon sì ni gbogbo wọn.

Lẹ́yìn náà, béèrè ọ̀nà tó ń gbà wọ ara. Titanium dioxide, èròjà funfun tó máa ń wà nínú ìpara àti ọ̀dà, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú awọ tí kò légbò, àmọ́ fífa lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ símú jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú oúnjẹ ńkọ́? Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) fòfin dè é lọ́dún 2022.

Wá ìwádìí lórí PubMed, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá ìwádìí ìṣègùn, kó o sì wo àwọn ìwé tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ìlànà bí wọ́n ṣe ń dán kẹ́míkà wò, gbé jáde. Nígbà tó o bá ń kà á, wo ìwọ̀n tí wọ́n lò: ṣé ẹnikẹ́ni lè bá iye yẹn pàdé láyé yìí? Wò ó bóyá wọ́n wọn èròjà náà nínú omi tí wọ́n fi dán an wò, torí ó máa ń ṣù pọ̀, kó má sì kéré mọ́. Tó bá jẹ́ fàdákà, ó yẹ kí wọ́n dán fàdákà tó ti yòrò wò lọ́tọ̀. Láìṣe èyí, a ò lè mọ̀ bóyá kíkéré rẹ̀ ló ṣọṣẹ́ tàbí fàdákà fúnra rẹ̀.

Ní ti àyíká, tẹ̀ lé èròjà náà dé ibi tó ń gbẹ̀yìn sí. Fàdákà inú ìbọ̀sẹ̀ máa ń bá omi ìfọṣọ lọ. Níbi tí wọ́n ti ń tún omi ìdọ̀tí ṣe, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń di silver sulfide, èyí tí kì í tètè yòrò, yóò sì bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ. Àwọn kan sì ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí sóko. Nítorí náà, má fara mọ́ ìwádìí tó fi fàdákà tuntun sínú omi mímọ́ nìkan. Wá èyí tó lo irú tó ti yí padà yìí nínú ilẹ̀, pẹ̀lú ekòló àti irúgbìn, fún ọ̀pọ̀ oṣù.