Tí mo bá ti yọ USB, kernel á kú: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí wíwá bug nínú driver àti títún kóòdù ẹ̀ ṣe

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ti tojú sú mi. Mo ní Wi-Fi kékeré kan tí wọ́n máa ń ki bọ ojú USB, Linux ni mo ń lò, driver ẹ̀ (kóòdù tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux, fi ń bá a ṣiṣẹ́) wà nínú drivers/staging, ibi tí wọ́n ń kó driver tí ò tíì gún régé sí. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa o, àmọ́ tí n bá ti yọ ọ́ báyìí, nígbà míì nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, nígbà míì gbogbo laptop á dì gbagidi, kíbọ́ọ̀dù ò ní dáhùn, àfi kí n tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí tó fi máa kú. Mo ti ṣí kóòdù driver náà wò, ó rí jágbajàgba gan-an ni. Ṣé kí n kọ́kọ́ tún kóòdù yẹn ṣe ná, bóyá wàhálà náà á bá a lọ?

Ìdáhùn: Rárá o àbúrò, má tíì fọwọ́ kàn án. Kóòdù tí ò dùn-ún wò àti kóòdù tó ń pa kernel, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó function kiri, àsìkò tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lè yí díẹ̀, bug, ìyẹn àṣìṣe inú kóòdù, á sá pamọ́, wàá wá rò pé o ti pa á. Ohun tí kernel sọ kó tó kú la máa kọ́kọ́ wá. Tan laptop padà kó o tẹ journalctl -k -b -1, -k yẹn ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu kernel nìkan lo fẹ́, -b -1 ni pé ìgbà tó tàn ṣáájú èyí lò ń béèrè. Tó bá jẹ́ pé ó ti kú kó tó ráyè kọ nǹkan kan sí disk, lọ wo /var/lib/systemd/pstore, laptop míì máa ń fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn pamọ́ síbẹ̀. Tí ibẹ̀ náà bá ṣófo, lo netconsole, á máa gba okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé log, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu kernel yẹn, lọ sórí kọ̀ǹpútà kejì bó ṣe ń jáde, okùn o, kì í ṣe Wi-Fi.

Ìbéèrè: Mo ti rí i nínú journalctl, ẹ ṣé gan-an. Mo fi xyz dípò orúkọ driver náà. Ó ní BUG: unable to handle page fault for address, àti nọ́ńbà gbọọrọ kan, lẹ́yìn ẹ̀ RIP: 0010:xyz_poll_work+0x4c/0x180 [xyz], tó fi mọ́ Comm: kworker/2:1 Tainted: G C, àti Workqueue: events xyz_poll_work. Báwo lẹ ṣe ń kà á? Tainted yẹn, ṣé òun ló fà á?

Ìdáhùn: Tainted ò fa nǹkan kan, àmì lásán ni. C yẹn ń sọ pé driver láti staging wà nínú ẹ̀, a kúkú mọ̀. Ká ní P lo rí ni, ìyẹn driver tí wọn ò fi kóòdù ẹ̀ hàn, tàbí O, ìyẹn èyí tó wá láti ìta kernel, mi ò bá ní kó o kọ́kọ́ yọ wọ́n kó o tún un dán wò, torí ohun àkọ́kọ́ tí maintainer, ẹni tó ń tọ́jú driver náà, máa bi ẹ́ nìyẹn.

RIP lọ̀rọ̀ wà. xyz_poll_work ni function tó kú sí, 0x4c ni pé ó ti wọ báìtì 76 nínú function náà, 0x180 sì ni gígùn function náà lápapọ̀, báìtì 384. Má wulẹ̀ dààmú ara ẹ lórí nọ́ńbà gbọọrọ yẹn, kernel máa ń yí ibi tó jókòó sí nínú mẹ́mórì padà ní gbogbo ìgbà tó bá búùtù, lọ́la nọ́ńbà míì ló máa jẹ́. Tó o bá ní driver tí wọ́n kọ̀mpáìlì pẹ̀lú CONFIG_DEBUG_INFO, tẹ ./scripts/faddr2line xyz.ko xyz_poll_work+0x4c/0x180, á sọ fáìlì àti ìlà náà gan-an fún ẹ.

Wàyí o, wo kworker àti Workqueue yẹn dáadáa. Kì í ṣe ètò kankan tó o ṣí ló pe function yìí, iṣẹ́ tí driver ti fi sílẹ̀ pé kí kernel bá òun ṣe tó bá yá ni. O ti yọ USB, iṣẹ́ náà ṣì ń lọ. Ohun tó ń ṣe mí bíi pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé mẹ́mórì tí iṣẹ́ náà ń lò, wọ́n ti dá a padà. O lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ láìkọ̀mpáìlì nǹkan kan: tó o bá fẹ́ búùtù, fi slub_debug=FZPU kún ìlà àṣẹ kernel nínú GRUB, ètò tó ń gbé Linux dìde. Mẹ́mórì yòówù tí wọ́n bá dá padà, kernel á fi 6b kún inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà yọ USB kó o wo ohun tó máa jáde.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. General protection fault ló ń pè é báyìí, RAX: 6b6b6b6b6b6b6b6b. Àmọ́ ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo tún un ṣe, kì í ṣe xyz_poll_work ló kú sí mọ́, inú __run_timers ni, ìyẹn ò sí nínú driver yìí rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn fi if (!priv) return, sí òkè function kí n máa lọ. Ṣé ó tó?

Ìdáhùn: Kò tó o, kò tiẹ̀ ní ṣe nǹkan kan. priv ni mẹ́mórì tí driver ń kó nǹkan ara ẹ̀ sí. kfree(priv) á dá mẹ́mórì padà, àmọ́ kì í sọ pointer, ìyẹn àdírẹ́sì mẹ́mórì náà, di NULL, ìyẹn òfìfo. Ó dà bí ẹni tó kó kúrò nílé tí àdírẹ́sì ẹ̀ ṣì wà nínú fóònù ẹ, landlord ti fi ẹlòmíì síbẹ̀, tó o bá kan ilẹ̀kùn, ẹnì kan á kúkú dáhùn. if (!priv) ń béèrè bóyá àdírẹ́sì wà lọ́wọ́ ẹ ni, kì í béèrè ẹni tó ń gbébẹ̀. Mo máa ń rí irú if yìí nínú patch (àtúnṣe kóòdù táwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́) lóríṣiríṣi, ó sì máa ń dùn mí, torí ó ń bo ojú egbò láìwẹ̀ ẹ́.

Ti ibi tó ń kú sí tó ń yí padà, ó bára mu gan-an. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ yẹn fi lè bá priv tó ti lọ pàdé. Ó lè jẹ́ pé xyz_poll_work ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń dúró kí usb_control_msg dá a lóhùn, ibẹ̀ lo yọ USB, disconnect, function tí kernel ń pè tí USB bá ti yọ, dá priv padà, nígbà tí iṣẹ́ náà jí padà ó fẹ́ ka inú priv, ó kú síbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ náà ò tíì bẹ̀rẹ̀, tímà ẹ̀ ló ń kà, inú priv kan náà sì ni tímà yẹn wà, kernel á wá tọ́jú tímà lọ, á bá 6b, á kú sínú __run_timers. Nígbà tó ò tíì fi slub_debug sí i, ohun tó wà nínú mẹ́mórì náà tẹ́lẹ̀ sábà máa ń ṣì wà níbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì gbà á, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà míì o ò rí nǹkan kan.

Ṣí xyz_disconnect. Ó dájú pé wàá rí unregister_netdev, tó ń yọ káàdì náà kúrò lójútáyé, lẹ́yìn ẹ̀ kfree, láìsí ohunkóhun tó dá iṣẹ́ náà dúró láàárín wọn. Ibẹ̀ ni kó o fi cancel_delayed_work_sync(&priv->poll_work); sí. Ó ní láti wà lẹ́yìn unregister_netdev, torí tí káàdì náà bá ṣì wà lójútáyé, ẹnì kan lè ṣí i, kí open tún fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn tó o ti dá a dúró. Ó sì ní láti ṣáájú gbogbo ohun tó ń dá mẹ́mórì padà. Má lo cancel_delayed_work lásán o, ìyẹn kì í dúró de iṣẹ́ tó ti ń lọ lọ́wọ́, _sync yẹn ló ń dúró, kódà bí iṣẹ́ náà bá ń tún ara ẹ̀ fi sílẹ̀ ó mọ bó ṣe máa mú un.

Nítorí pé ó ń dúró, má pè é nígbà tó o bá di spinlock mú, má sì di lock tí iṣẹ́ náà fẹ́ gbà mú (lock ni kọ́kọ́rọ́ tí kóòdù kan ń dì mú kí òmíràn lè dúró ná, spinlock sì ni irú èyí tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ sùn tó bá dì í mú). Èyí tó máa ń mú àwọn èèyàn jù nínú driver nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni rtnl, lock ńlá ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì: tí poll_work bá ń pe rtnl_lock, tó o wá fi cancel _sync sínú ndo_stop, function tó ń pa káàdì náà, tí kernel máa ń pè pẹ̀lú rtnl lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á máa dúró de ara wọn títí láé. Tan CONFIG_PROVE_LOCKING, á kígbe kó tó ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe é, mo yọ ọ́, mo tún ki í bọ̀ ọ́, kò dì mọ́. Àmọ́ báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti lọ lóòótọ́ tí kì í ṣe pé orí ló kó mi yọ? RAM 4GB ni laptop mi ní, iná ò sì dúró lọ́dọ̀ wa.

Ìdáhùn: Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. KASAN ni kó o lò, ohun tó ń ṣọ́ bí kóòdù inú kernel ṣe ń lo mẹ́mórì, wàá ní láti kọ̀mpáìlì kernel pẹ̀lú ẹ̀. Ó ń gba ìdá kan nínú mẹ́jọ mẹ́mórì, á sì falẹ̀, àmọ́ 4GB á gbé e. Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé kò dúró kí ó kú, bí kóòdù bá ti fọwọ́ kan mẹ́mórì tí wọ́n ti dá padà báyìí, á sọ ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹni tó kọ́kọ́ gba mẹ́mórì náà àti ẹni tó dá a padà. Ti iná, má kọ̀mpáìlì gbogbo config (àkójọ ohun tó máa wọ kernel) tí distro, irú Linux tó ò ń lò, gbé wá, ó pọ̀ jù. Ki Wi-Fi yẹn bọ̀ ọ́ kó o tó tẹ make localmodconfig, torí module, ìyẹn driver tí kernel ti gbé wọlé, tó bá wà lórí ìjókòó nígbà yẹn nìkan ló máa mú. Tí iná bá lọ láàárín make, tẹ make padà, á máa bá a lọ láti ibi tó dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, má fọwọ́ yọ ọ́ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Wá orúkọ ẹ̀ nínú /sys/bus/usb/drivers/xyz, á jọ 1-2:1.0, kó o kọ script tó ń echo orúkọ yẹn sínú unbind kí driver lè fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, tó dúró díẹ̀, tó tún echo ẹ̀ sínú bind, jẹ́ kó máa yí. Disconnect kan náà ló máa ń pè. Àmọ́ fọwọ́ yọ ọ́ náà ní ìgbà mélòó kan, torí pẹ̀lú unbind ẹ̀rọ náà ṣì ń dáhùn, tó o bá yọ ọ́, kò sí ẹni tó máa dáhùn mọ́, ọ̀nà tí kóòdù máa gbà nígbà tí nǹkan bá kùnà ò dọ́gba. Kó o tó gbà pé ó ti tán, dán driver àtijọ́ wò lórí kernel KASAN yẹn kan náà, tí ìyẹn bá kígbe tí tuntun dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Ìbéèrè: Mo rí i pé gbogbo patch tó ń tún bug ṣe ní ìlà Fixes:, tó ń dárúkọ commit (àyípadà kan tí git kọ sílẹ̀ nínú ìtàn kóòdù) tó dá bug náà sílẹ̀. Ṣé mo ní láti ṣe git bisect? Mo gbìyànjú láti clone gbogbo kernel, dátà mi lọ, ó já láàárín, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn: Fún èyí, o ò nílò bisect. Bisect wà fún ìgbà tó o mọ̀ pé kernel àtijọ́ ń ṣiṣẹ́, tuntun ò ṣiṣẹ́, tó ò sì mọ ohun tó fà á, á máa pín commit àárín wọn sí méjì léraléra kó o dán an wò, commit 1000 á di bíi ìdánwò 10 péré. Ìwọ ti mọ ìdí ẹ̀, git blame, tó ń sọ commit tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan, lórí xyz_disconnect àti lórí ibi tí wọ́n ti fi poll_work sílẹ̀ ló máa fi commit náà hàn ẹ́. Nínú staging, lọ́pọ̀ ìgbà commit tó gbé driver náà wọlé gan-an ni. Lẹ́tà 12 àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà commit náà lo máa kọ, pẹ̀lú àkọlé ẹ̀.

Ti dátà, kernel.org ní fáìlì clone.bundle fún àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ń já. Fi wget -c dáńlóòdù ẹ̀, tó bá já á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé, lẹ́yìn náà git clone láti inú fáìlì yẹn, kó o wá yí remote sí kernel.org kó o pull ìyókù tó kéré. Yóò gba gígábáìtì mélòó kan ṣì ni o, fi òru ṣe é.

Ìbéèrè: Ó yá, mo ti lè wá tún kóòdù náà ṣe báyìí àbí? Mo tẹ checkpatch.pl -f, tó ń yẹ ìrísí kóòdù wò, ìkìlọ̀ tó dà jáde ò lóǹkà.

Ìdáhùn: O lè ṣe é báyìí, àmọ́ má pò ó mọ́ atúnṣe bug yẹn láé. Atúnṣe yẹn gbọ́dọ̀ dá dúró gẹ́gẹ́ bíi patch àkọ́kọ́, pẹ̀lú Cc: stable@vger.kernel.org, torí àwọn tó ń tọ́jú kernel stable máa mú un lọ sínú kernel àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń lò, òfin wọn ni pé patch ò gbọ́dọ̀ ju ìlà 100 lọ pẹ̀lú ohun tó yí i ká. Tó o bá ti to àyè àti tab sínú ẹ̀, kò ní wọlé síbẹ̀ mọ́, ẹni tó ń lo kernel àtijọ́ á sì máa jẹ ìyà ohun tó o ti tún ṣe.

Ìkìlọ̀ checkpatch ò dọ́gba o. Oríṣi kan fún patch kan: patch kan fún tab, kan fún orúkọ tí wọ́n kọ ní CamelCase (lẹ́tà ńlá láàárín orúkọ), kan fún kóòdù tí wọ́n fi #if 0 pa mọ́, ìyẹn yọ ọ́ dànù, git ò ní gbàgbé ẹ̀. Má tìtorí ìlà tó kọjá lẹ́tà 80 gé gbólóhùn sí wẹ́wẹ́, láti 2020 ni checkpatch ti sún ìkìlọ̀ ẹ̀ sí 100. Patch tó o bá pè ní ti ìrísí lásán, fi scripts/objdiff yẹ̀ ẹ́ wò, fáìlì .o ò gbọ́dọ̀ yí padà, tó bá yí, ó ti yí iṣẹ́ kóòdù náà padà láìmọ̀.

Ibi tí títún kóòdù ṣe ti wúlò gan-an, ìyẹn ibi tí mo fẹ́ kó o pẹ́ sí, ni probe, function tó ń to ohun gbogbo sílẹ̀ nígbà tó o bá ki USB bọ̀ ọ́. Tí nǹkan karùn-ún bá kùnà, ṣé ó ń dá mẹ́rin àkọ́kọ́ padà, láti ẹ̀yìn wá síwájú? Nínú driver báyìí wàá rí return -ENOMEM láàárín tí ohun gbogbo ṣáájú ẹ̀ á jò. Fi goto tò wọ́n sí ìsàlẹ̀. Wo BUG_ON náà, tó ń dìídì dá kernel dúró, kò sídìí tí Wi-Fi fi máa pa gbogbo kọ̀ǹpútà, dá error padà. Èyí tó ń tún nǹkan ṣe lóòótọ́ nínú wọn, kọ Fixes: sí i, kì í ṣe cleanup, ìyẹn títún ìrísí ṣe lásán, mọ́.

Ìbéèrè: Mo fi patch 5 ránṣẹ́ pẹ̀lú git send-email, kì í ṣe Gmail orí browser. Maintainer ti fèsì, ó ní patch 1 dáa, patch 4 ni kí n pín sí méjì. Ṣé patch 4 nìkan ni kí n fi ránṣẹ́ padà?

Ìdáhùn: Kú oríire! Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ni o, gẹ́gẹ́ bíi v2, ìyẹn ẹ̀dà kejì, git format-patch -v2 á kọ nọ́ńbà náà sí i fún ẹ. Ohun tó o yí padà, kọ ọ́ sábẹ́ ìlà --- nínú patch, torí ohun tó bá wà níbẹ̀ kì í wọ inú ìtàn git. Àmọ́ kọ́kọ́ wò ó bóyá maintainer ti gba patch 1 sínú tree ẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó kóòdù tó bá gbà sí, nínú tree staging atúnṣe bug máa ń gba ẹ̀ka staging-linus lọ, cleanup sì ń gba staging-next. Tó bá ti wọlé, yọ ọ́ kúrò nínú v2, gbé ìyókù ka orí staging-next kó o tún wọn kọ̀mpáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, torí patch kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè kọ̀mpáìlì fúnra ẹ̀. Tí o ò bá gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, o lè rán an létí jẹ́jẹ́, àfi tó bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì merge window, ìgbà tí wọ́n ń kó kóòdù tuntun wọ kernel, nígbà yẹn dúró kí rc1, ẹ̀dà ìdánwò àkọ́kọ́, jáde ná.