Bí wọ́n bá da ìbéèrè gbígbóná bò ẹ́ nípa ìjọ Mọ́mọ́nì

Tó o bá jẹ́ ọmọ Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn nílẹ̀ Yorùbá níbí, ìyẹn àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní Mọ́mọ́nì, kò sí ibi tí wọn ò ti lè ká ẹ mọ́. Ibi iṣẹ́ ni o, ibi ìnáwó ni o, inú mọ́tò pàápàá, ẹnì kan á kàn yíjú sí ẹ, á ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Bíbélì tiyín lọ́tọ̀ yẹn, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ọ̀dọ́ wa, pàápàá àwọn tó fẹ́ lọ ṣe míṣọ̀n. Èmi ò rò pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Irọ́ kékeré tó o bá fi yọ ara ẹ lọ́jọ́ yẹn, òun ló máa padà wá mú ẹ.

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni bi ẹ́, lọ ka ìtàn ìjọ fúnra ẹ, apá tó dùn àti apá tó korò. Láti 2013 ni ìjọ ti ń gbé àwọn àpilẹ̀kọ gígùn jáde lórí àwọn ọ̀rọ̀ tó le, ti ìyàwó púpọ̀, ti aláwọ̀ dúdú àti oyè àlùfáà, ti bí wọ́n ṣe túmọ̀ Ìwé ti Mọ́mọ́nì, ìyẹn ìwé mímọ́ tá a ń kà pẹ̀lú Bíbélì, gbogbo ẹ̀ ló wà lórí wẹ́ẹ̀bù ìjọ fúnra ẹ̀. Ó gùn o, àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé ẹ̀ dẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ ẹni tó fẹ́ bá ẹ fà á ti kà á tán, kí ló dé tí ìwọ ò ní kà á?

Tó o bá ti kà á, ohun tó kù ni etí. Ìbéèrè kan náà lè jáde lẹ́nu èèyàn mẹ́ta kó má jẹ́ ìbéèrè kan náà. Tí pásítọ̀ bá ní "ṣé Krìstẹ́nì ni yín?", ọ̀rọ̀ Mẹ́talọ́kan ló wà lọ́kàn ẹ̀. Tó bá jẹ́ màmá ìyàwó ẹ ló bi ẹ́, ohun tí màmá ń bi ẹ́ ni pé ṣé ọmọ òun ò ní sọ nù sọ́wọ́ ẹ. Má lọ máa ka ìtàn ìpàdé Níséà ọdún 325, níbi tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti jíròrò lórí ẹni tí Jésù jẹ́, fún màmá o! "Ẹ má mikàn mà, Jésù là ń sìn, orúkọ ẹ̀ ló wà lára orúkọ ìjọ, ẹ wá bá wa jókòó lọ́jọ́ Sunday kan kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i." Ó tó fún màmá. Pásítọ̀ ló yẹ kó o sọ fún láìfi bò pé a gbà pé Bàbá, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ jẹ́ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ète wọn jẹ́ ọ̀kan, kó o wá tọ́ka sí Sítéfánù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí keje, tó rí Jésù tó dúró ní ọwọ́ ọ̀tún Ọlọ́run. Ó lè má gbà, ìyẹn ò burú. Tó o bá sọ fún un pé kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwa àti àwọn, ọjọ́ tó bá mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà, ó parí nìyẹn.

Èyí tó máa ń dun èèyàn jù, pàápàá àwa tá a jẹ́ dúdú, ni ti oyè àlùfáà, ìyẹn àṣẹ láti ṣe ìsìn bí ìrìbọmi nínú ìjọ. Láti 1852 tí Brigham Young, olórí ìjọ nígbà náà, ti kéde ẹ̀ títí di oṣù kẹfà 1978, ìjọ yìí ò fi oyè àlùfáà jẹ ọkùnrin tó bá ti ní ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀, wọn ò dẹ̀ jẹ́ kí ọkùnrin tàbí obìnrin dúdú ṣe ètò ìgbéyàwó ayérayé nínú tẹ́ḿpìlì, ilé mímọ́ tó yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Sunday. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ lè gbé fóònù ẹ̀ sí ẹ lójú kó ní, "Àwọn òyìnbó tó ní dúdú ò yẹ, àwọn lò ń wọ táì lọ bá ní gbogbo Sunday?" Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ lẹnu á ti fẹ́ yá ẹ, wàá fẹ́ sọ pé irọ́ ni, àwọn ọ̀tá ìjọ ló ń pa á. Dúró ná. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé ìjọ fúnra ẹ̀. Àwọn míì á wá sáré lọ sọ́dọ̀ Kéènì àti Hámù, wọ́n á ní ègún ló wà lórí wa, tàbí pé a ò ṣe dáadáa ká tó wáyé, èyí dẹ̀ burú ju irọ́ àkọ́kọ́ lọ torí ní ìparí 2013 ìjọ kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé àwọn ti kọ gbogbo àlàyé yẹn sílẹ̀, àwọn dẹ̀ dá ẹ̀yàmẹ̀yà lẹ́bi, tàná àti tòní. Kí ni ìwọ wá ń gbèjà tí àwọn tó ni ín ti jù nù?

Bí èmi ṣe máa dáhùn nìyí: "Òótọ́ ni sà, ó ṣẹlẹ̀, ó tó ọdún 126. Nígbà ayé Joseph Smith tó dá ìjọ sílẹ̀, wọ́n fi oyè jẹ ọkùnrin dúdú kan tó ń jẹ́ Elijah Abel ní 1836, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n wá ti ilẹ̀kùn. Àwọn ìdí tí wọ́n ń sọ nígbà yẹn, ìjọ ti ní kò rí bẹ́ẹ̀. Inú èmi náà ò dùn sí i sà." Kó o dákẹ́. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Tó bá wá ní "kí ló dé tó o ṣì wà níbẹ̀?", nígbà yẹn lo lè sọ ti ara ẹ, o dẹ̀ lè sọ pé kó tó di 1978 làwọn èèyàn kan níhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà ti ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake City, olú ilé ìjọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn fúnra wọn lórúkọ ìjọ yìí láìsí míṣọ́nárì kankan, àti pé nígbà tí míṣọ́nárì dé ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Anthony Obinna ní ìpínlẹ̀ Ímò ni wọ́n kọ́kọ́ rì bọmi, ní ọjọ́ 21. Ìtàn tó wú èèyàn lórí ni, àmọ́ tó o bá kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ láìtíì gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní ò ń sá fún ọ̀rọ̀ ni.

Ti ìyàwó púpọ̀, ẹ̀rín ló máa ń bá a wá nílẹ̀ wa. Àbúrò bàbá ẹ tó jẹ́ Alhaji á ní, "Wòlíì yín kó ìyàwó jọ, ẹ wá ń sọ pé kí n má fẹ́ méjì?" Bá a rẹ́rìn-ín, kó o wá gbà. Ìjọ fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ ní 2014 pé iye obìnrin tí Joseph Smith fẹ́ á wà láàárín 30 sí 40, àwọn kan nínú wọn ti lọ́kọ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan dẹ̀ wà tí ọdún 15 ẹ̀ ku oṣù díẹ̀ kó pé. Ibi ọjọ́ orí yẹn gan-an ló ti máa ń le, jọ̀ọ́ má sọ pé bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yẹn nìyẹn, ẹni tó bá lọ́mọbìnrin nílé ò ní gbọ́. Sọ ohun tó o mọ̀: ní 1890 Wilford Woodruff, olórí ìjọ nígbà náà, kéde pé kí wọ́n jáwọ́, kò dẹ̀ tán lọ́jọ́ kan, àmọ́ lónìí ọmọ ìjọ tó bá fẹ́ ìyàwó kejì lé ti ilé, wọ́n lè yọ orúkọ ẹ̀. Àwọn tẹ́ ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣì ń ṣe é, wọ́n ti ya lọ tipẹ́.

Ti àwọn àwo wúrà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, tí Joseph Smith ní inú ẹ̀ lòun ti túmọ̀ Ìwé ti Mọ́mọ́nì, ò ní gba àkókò. Wọ́n á ní níbo ló wà? Ìgbàgbọ́ wa ni pé áńgẹ́lì gbà á padà, àmọ́ ọkùnrin 11 fọwọ́ sí i pé àwọn rí i. Kó o fi kún un fúnra ẹ pé mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú wọn padà fi ìjọ sílẹ̀, tí méjì sì padà wá, kó tó di pé ẹlòmíì bá ẹ sọ ọ́. Òkúta tí Joseph Smith máa ń kì sínú fìlà láti fi túmọ̀ náà, ìjọ ti gbé fọ́tò ẹ̀ jáde ní 2015, kò sí ohun tó o fẹ́ fi pa mọ́ mọ́.

Àwọn tó kù, ẹ̀rín àti sùúrù ni. Ṣé ẹ kì í mu Lipton? Rárá, a kì í mu tíì, a kì í mu kọfí, láti 1833 ni, Milo ò sí níbẹ̀ o jàre. Aṣọ abẹ́ ńkọ́? Bí àwọn aláṣọ funfun ṣe ń wọ sùtánà nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni tiwa rí, a fi ń rántí ẹ̀jẹ́ wa ni, abẹ́ aṣọ la kàn ń wọ tiwa sí. Ṣé ògbóni ni yín tẹ́ ẹ fi ń ti ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì? Ìbéèrè yìí ò yẹ kó bí ẹ nínú, ibi tá a wà ti mú kí èèyàn fura sí ilẹ̀kùn títì. Sọ fún wọn pé kí wọ́n tó ya tẹ́ḿpìlì Aba sí mímọ́ ní oṣù kẹjọ 2005, wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀ fún aráàlú láti wọ inú ẹ̀ wò.

Ohun kan wà tó máa ń bí mi nínú. Èèyàn á béèrè nǹkan tó dá lórí ìtàn, ọmọ ìjọ á kàn fún un lẹ́sì pé "mo mọ̀ pé ìjọ yìí jẹ́ òótọ́". Ẹ̀rí dáa, òun ló gbé wa ró, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ọdún, ọdún ni kó o fún un kó o tó jẹ́rìí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí Uchtdorf, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìjọ, sọ ní 2013, pé ká kọ́kọ́ ṣiyèméjì nípa iyèméjì wa, ẹni tó ti wà nínú ilé ló ń bá sọ̀rọ̀, má fi gbá ẹni tó dúró síta lẹ́nu.

Tó ò bá mọ̀ ọ́n, sọ pé o ò mọ̀, kó o lọ wá a, kó o dẹ̀ padà lọ bá onítọ̀hún ní tòótọ́, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń já wọn jù sílẹ̀. Tó bá wá jẹ́ ẹni tó kàn fẹ́ jà ni, tó ní kẹ́ ẹ wá ṣe é ní gbangba níwájú àwọn ọmọ ìjọ òun pẹ̀lú máìkì, kọ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Fún un ní nọ́ńbà ẹ, sọ fún un pé tó bá ku òun nìkan, ìgbàkígbà tó bá fẹ́, ẹ lè jọ jókòó.