Bí Mo Ṣe Gé Orin Fíìmù Sí Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé iṣẹ́ yìí kọ́ mi lọ́rùn. Bàbá wa fẹ́ pé ọdún 70, ó ní kí n wá eré kan tí tọmọdé tàgbà lè jọ ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ní kò burú, mo máa fi orin fíìmù àtijọ́ sí wọn létí, ẹni tó bá kọ́kọ́ dá fíìmù náà mọ̀ ló jẹ. Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Alẹ́ mẹ́ta ló gbà mí.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo kó orin 12 jọ, mo ṣí wọn sínú Audacity, ètò tí wọ́n fi ń gé ohùn lórí kọ̀ǹpútà, mo sì gé ìṣẹ́jú àáyá 10 àkọ́kọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí ò le rárá: o máa sàmì sí ibi tó o fẹ́, o máa pa ìyókù rẹ́, o máa wá jẹ́ kí ìparí rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má baà já lójijì bí okùn. Mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp. Kò pẹ́ tó fi dá mi lóhùn: "Mo mọ gbogbo ẹ̀. Ṣé ọmọ jẹ́léósinmi lo fẹ́ dán wò ni?" Bí mo ṣe gé gbogbo ẹ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta nìyẹn.

Àwọn kan ò tiẹ̀ yọ mí lẹ́nu. "Eye of the Tiger" inú Rocky III (1982), kí gìtá yẹn tó lù ú gbà rárá, nígbà tó ṣì ń kùn gbì-gbì-gbì lábẹ́lẹ̀, èèyàn á ti máa di ẹ̀ṣẹ́. (Orin ẹgbẹ́ olórin Queen kan ni Sylvester Stallone, òṣèré tó ṣe Rocky, kọ́kọ́ fẹ́ lò, wọn ò gbà fún un, ló bá ní kí ẹgbẹ́ Survivor kọ tuntun. Ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ṣe wá lóore.) Orin ibi tí wọ́n ti pa obìnrin nínú ilé ìwẹ̀ nínú Psycho (1960) náà ò nílò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí fèrè, gòjé nìkan ló ń ké bí ẹyẹ tí wọ́n fún lọ́rùn. Alfred Hitchcock, olùdarí fíìmù náà, ò tiẹ̀ fẹ́ orin kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Bernard Herrmann ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Hitchcock gbọ́ ọ, ó yí èrò padà.

Jaws (1975), fíìmù ẹja ekurá, ló kọ́kọ́ fojú mi rí nǹkan. Gbogbo ayé ló mọ ohùn méjì yẹn, àní nígbà tí John Williams kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí dùùrù fún Steven Spielberg, olùdarí fíìmù náà, ẹ̀rín ni Spielberg bú sí, ó rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ṣùgbọ́n mo gé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́, mo fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Eléyìí ò sọ̀rọ̀." Mo gbé fóònù tèmi sétí, lóòótọ́, kò sọ̀rọ̀. Ohùn orin yẹn rẹlẹ̀ jù, agbọ́hùn fóònù tó kéré bí èékánná ò lè gbé e jáde. Mo wá fi sí agbọ́hùn ńlá: ìkùn kan báyìí, ìdákẹ́jẹ́, ó tán. Ibi tí orin náà ti ń sáré, tí ẹja ekurá yẹn ti sún mọ́ni, ni mo pa dà lọ gé. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni èèyàn ti ń rántí ẹ̀. Mo tú gbogbo èyí tí mo ti gé ká, mo tún un gbọ́ látòkè délẹ̀, mo ń wá ibi tí ara èmi fúnra mi ti ta gìrì.

Ti Star Wars (1977) tún ní ọgbọ́n tiẹ̀. Fáìlì tó wà lọ́wọ́ mi, ìlù àti kàkàkí tó máa ń ṣíwájú fíìmù ilé iṣẹ́ Fox ló ṣíwájú rẹ̀, èyí tí Alfred Newman kọ lọ́dún 1933. Tí mo bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, fíìmù tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n lè dárúkọ tí gbogbo wọn á sì jàre. Mo gé e kúrò.

Àṣìṣe tó dùn mọ́ mi jù ni ti The Bodyguard (1992). Mo fi "I Will Always Love You" síbẹ̀, mo ń gbọ́ ọ, ara mi ò gbà á. Gìtá ló bẹ̀rẹ̀. Àṣé ti Dolly Parton ni mo gbé, ẹni tó kọ orin náà tó sì gbé e jáde lọ́dún 1974. Ti Whitney Houston, ohùn lásán ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun èlò kankan lẹ́yìn ẹ̀, Kevin Costner, òṣèré inú fíìmù náà, ló sì takú pé bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí. Mi ò ju ti Dolly nù. Mo fi ṣe pańpẹ́.

Lálẹ́ kẹta, mo mú kí ariwo gbogbo wọn dọ́gba, nítorí kàkàkí Star Wars lẹ́yìn ohùn Whitney lè ba àgbàlagbà lẹ́rù.

Nígbà tó dọjọ́, Màámi nìkan ni pańpẹ́ yẹn ò mú. "Ìyẹn kọ́ ni Whitney," wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Bàbá ní tiwọn, wọn ò dárúkọ fíìmù kankan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fèrè Titanic fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ọkọ̀ tó rì." Súfèé tí Ennio Morricone kọ sínú The Good, the Bad and the Ugly dún, wọ́n ní, "Àwọn mẹ́ta tó ń wá wúrà ní itẹ́ òkú." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ dárúkọ ẹ̀ ná." Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ò mọ èyí tí mò ń wí ni?" A fún wọn ní máàkì.

The Lion King (1994) ló kẹ́yìn. Igbe akọrin Lebo M tó ṣí fíìmù náà ò tíì pé ìṣẹ́jú àáyá kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti fò sókè. Gbogbo ilé bá ké e, kò sẹ́ni tó pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Mo wá sọ fún wọn pé èdè Súlù ni, pé ohun tó ń wí ni "Kìnnìún ń bọ̀, baba", àti pé "baba" tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀ yẹn, bàbá náà ni lọ́dọ̀ tiwọn. Bàbá ní kí n tún un gbé sí i. Mo gbé e sí i lẹ́ẹ̀mẹrin.

Nígbà tí wọ́n dìde láti lọ sùn, ọmọ náà ké igbe yẹn tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n gbé ọ̀pá wọn sókè, wọn ò wẹ̀yìn, wọ́n wọlé lọ.