Ṣé Dandan Ni Ká Tú Afẹ́fẹ́ Inú Ẹrù Kí Á Tó Wọ Bàlúù?

Ẹni tó bá fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù lọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè òkun á gbọ́ ìmọ̀ràn oríṣiríṣi. Ẹnìkan á ní kó tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kó má baà bẹ́ lójú òfurufú, ẹlòmíràn á ní kò sí nǹkan tí yóò ṣe é. Bọ́ọ̀lù àti táyà tó lágbára lára kì í bẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ọ̀rá tí ẹ so pa, kẹ́ẹ̀gì tí ẹ dé pinpin, àti ara ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè

Ẹ́ńjìnnì bàlúù máa ń ti afẹ́fẹ́ wọlé kí a lè rí mí, ṣùgbọ́n kì í ki tó ti ilẹ̀. Nígbà míì, ó máa ń rí bíi ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8,000, èyí tó ju ìlọ́po méjì Òkè Ìdànrè lọ. Afẹ́fẹ́ ìta ló ń tẹ afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá mọ́ra. Bí tìta bá dín kù, tinú á fẹ̀: èyí tó kún ife mẹ́ta nílẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ife mẹ́rin lókè. Bákan náà ló rí níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí lábẹ́ bàlúù èrò, nítorí náà kíkó nǹkan sínú àpótí ńlá kò yí i padà.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ mu omi inú ike kan tán lókè, kí ẹ dé e dáadáa. Bí bàlúù bá fi máa balẹ̀, ike náà á ti rún wọnú.

Bọ́ọ̀lù tí géèjì kà sí 9 nílẹ̀ (ní PSI, ìwọ̀n tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) á ṣe bíi 13 lókè, òfin eré bọ́ọ̀lù sì gbà á títí dé nǹkan bíi 15. Ti kẹ̀kẹ́ ológeere yàtọ̀ díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàlúù ló ní kí a dín afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ kù. Ẹ ṣe bí wọ́n ṣe wí, àmọ́ ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kí irin àgbá rẹ̀ má baà ṣá. Bàlúùnù ọjọ́ ìbí tó ti kún fún gáàsì híílíọ́ọ̀mù, ẹ fi sílẹ̀ nílé, ẹ gbé èyí tí wọn ò tíì fi gáàsì sí.

Kẹ́ẹ̀gì epo

Mo ti rọ epo pupa sí kẹ́ẹ̀gì lítà méjì rí, kò ju ìdajì lọ, mo sì fi gbogbo agbára dé e. Àǹkárá mẹ́ta ló bá a lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdérí ló burú, àṣé ìdajì tó ṣófo yẹn ni: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló fẹ̀ tó ti epo gba ẹnu jáde. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tó bá epo yín mu. Kí ẹ tó dé e, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìhà rẹ̀ títí epo á fi gòkè dé ọrùn, kí ẹ dé e láì tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìhà tó wọnú yẹn ni àyè tí afẹ́fẹ́ yóò fẹ̀ sí. Ẹ fi ọ̀rá méjì wé e. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún ọṣẹ olómi àti ìpara.

Ẹ̀yin tí ẹ ń di ìpékeré sínú ọ̀rá fún títà, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó fi ẹ̀rọ lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá gba Addis Ababa kọjá á rí i pé ọ̀rá náà ṣì wú lẹ́yìn tí bàlúù balẹ̀, torí ìlú náà ga ju mítà 2,300 lọ.

Ọmọ ẹja

Ibí ni àdánù ti máa ń pọ̀ jù, torí ohun ẹlẹ́mìí ni. A máa ń fi omi sí ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá, ká fi ọ́síjìn kún ìdá méjì tó kù, ká so ó le bí ìlù. Ìyẹn dára fún ojú títì. Bí ọmọ ẹja àrọ̀ bá fẹ́ wọ bàlúù, ẹ má so ó le. Lítà 20 ọ́síjìn lè di bíi lítà 27 lókè, ọ̀rá tí kò ní àyè á sì ya lójú ìránpọ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá so ó: ó yẹ kó rọ̀, kí ìka wọlé láì lágídí. Ẹ fi ọ̀rá méjì wọ inú ara wọn, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lókè nínú páálí. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, kí ìgbẹ́ má baà ba omi jẹ́.

Ara èèyàn

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di POP (ìdì líle funfun tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́) sí lẹ́sẹ̀ ní láti dúró wákàtí 24 kó tó wọ bàlúù tí kò ní lò tó wákàtí méjì, tàbí wákàtí 48 fún ìrìn tó gùn, torí ẹsẹ̀ lè wú nínú rẹ̀. Ti ojú ló le jù. Nígbà tí awọ ẹ̀yìn ẹyinjú bá ṣí, dókítà lè fi gáàsì sínú ojú kó fi gbé e padà, gáàsì náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bó bá fẹ̀ lókè, ojú lè fọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ bàlúù rárá, bó ti wù kí ara rẹ̀ le tó, títí dókítà ojú yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì sọ pé gáàsì náà ti tán.